Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Ọ̀gá Mi Ní Kí N Máa Dán An Wò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Bẹyẹrúnkà, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ló dáa téèyàn lè kọ́ báyìí?", ẹ ti dà mí láàmú tó. Mo ti fẹnu dáhùn títí, ẹ ò gbọ́, fóònù lẹ̀ ń tẹ̀. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó kà á. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó fi wé ẹ̀pà.

Sùbérù lorúkọ mi. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kékeré tó ń sọ ọ́ di ńlá. Mi ò sọ èyí tí wọ́n ń kó wọlé nínú páálí o. Àwa la fi ọwọ́ wa ń kàn án, láti orí páànù tí a fi ń ṣe ara rẹ̀ títí dé orí fáàfù inú rẹ̀. Ẹ ò mọ fáàfù. Ìgò kékeré kan ni, ó jọ gílóòbù, wáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Tó bá ti gbóná, á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ohùn tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá á jáde tòun ti agbára. Kí tiransísítọ̀ tó dé, fáàfù lọba.

Bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀ ò gùn. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní Ọjà'ba, ó fẹ́ kí èmi náà tà á, mo kọ̀. Lọ́jọ́ kan mò ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, mo gbọ́ ohùn àáfà kan tó ń ṣe wáàsí. Mo rò pé ó wà ní ẹ̀yìn ilé tó kángun sí mi. Mo rìn, mo rìn, àfi ìgbà tí mo dé Pópó Yemọja. Mo bá àáfà náà lórí àga, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń sọ, kò pariwo rárá. Àpótí kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí nǹkan pupa ń jó nínú rẹ̀. Ọkùnrin gíga tín-ín-rín kan jókòó ti àpótí náà, ó ń wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ọ̀gá Búsàrí nìyẹn. Òun ló kàn án.

Wọ́n parí wáàsí, mo lọ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yín."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o máa ń purọ́?"

Mo ní rárá o.

"Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn," ó ní. "Lọ pe bàbá ẹ wá."

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún kìíní, mi ò fọwọ́ kan fáàfù. Wáyà àlòkù ni mò ń nà, àwọn tí a ń yọ lára òkú rédíò tí Ọ̀gá ń rà ní Ògùnpa. Mò ń gé páànù, mò ń lu ihò sí i. Tí ihò kan bá wọ́ díẹ̀, Ọ̀gá á gbé páànù náà sókè sí oòrùn, á fi ojú kan wò ó, á sọ ọ́ sí àgbàlá. Kò ní bú mi. Páànù á kàn balẹ̀ gbàù, adìẹ Ìyá Mòdínà, ìyàwó rẹ̀, á fọ́n ká, gbogbo ilé á sì ti mọ̀ pé Sùbérù tún ti ba nǹkan jẹ́.

Ọdún kejì ló tó jẹ́ kí n di àyọ́ọ̀nù mú, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ léèdì so wáyà pọ̀. Ó ní tí ẹ̀rọ bá ti jẹ iná, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn ni kó máa gbé. Ó ní iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó bá fẹ́ gba ọwọ́ kejì jáde, àárín àyà ló máa gbà, ọkàn sì wà níbẹ̀. Rúlà onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti rí ọwọ́ òsì mi lórí tábìlì, gbà! "Ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn!" Títí di òní, tí mo bá ń jẹun, ẹ̀yìn lọwọ́ òsì mi máa ń wà. Àwọn ọmọ mi rò pé ìgbéraga ni.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì kórìíra jù, ni wíwé tiransifọ́mà. Wáyà bàbà tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun la máa ń wé mọ́ irin, ìgbà ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ lé, kò sì gbọ́dọ̀ dín. Tẹ̀sùbáà ni Ọ̀gá fi ń kà á. Tó bá wé e ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, á fa ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tó bá sì ti ń kà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kí i. Àgbà kan wá lọ́jọ́ kan, ó kí i títí, Ọ̀gá ò dáhùn, inú bí bàbá náà, ó yíjú padà. Ọ̀gá wé e pé ọgọ́rùn-ún, ó fa ìlẹ̀kẹ̀, ó wá sáré tẹ̀lé e dé ìta, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. "Ẹ má bínú sà. Òǹkà ló dí mi lẹ́nu."

Ọdún kẹta, ó fún èmi náà ní tẹ̀sùbáà. Mo wé e, mo wé e, mo dé orí ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàlá, ọkàn mi lọ síbi bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá ní ìta. Ìgbà tí ọkàn mi máa padà dé, mi ò mọ ibi tí mo bá a dé mọ́. Mo lè fa ìlẹ̀kẹ̀ kan kí n máa bá a lọ. Ta ló máa mọ̀? Mo ní, "Ọ̀gá, òǹkà ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́." Mo ti ń retí rúlà. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú gbogbo rẹ̀ pátá, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tó ń sọ fún Ìyá Mòdínà pé, "Ọmọ yìí, mo lè di ojú mi kí n gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gbọ́."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o. Òun ló pa mí.

Ẹ má sì rò pé ìyà nìkan la jẹ. Ampilifáyà ọwọ́ máa ń kùn, hùùù, bí oyin inú igi. Ọ̀gá kórìíra ìkùn náà bí ẹní kórìíra ejò. A ó lọ́ wáyà méjì mọ́ra wọn, ìkùn á dín. A ó dá tiransifọ́mà dùbúlẹ̀, á tún dín. Ẹ̀rọ kan wà tí a bá jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbà. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá kàn mú agolo tòmátì tí Ìyá Mòdínà fẹ́ dànù, ó fọ̀ ọ́, ó fi dé orí fáàfù àkọ́kọ́, ó so wáyà kan láti ara agolo mọ́ ara ẹ̀rọ. Kíá, ìkùn pa rẹ́. Gbogbo yàrá dákẹ́ tó fi jẹ́ pé à ń gbọ́ èémí ara wa. Ọ̀gá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣọ̀wọ́n kó tó rẹ́rìn-ín. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé e.

Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni èyí tí àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè ní àlùwàlá ẹ̀rọ.

Nígbà náà, tiransifọ́mà ńlá tó ń gba iná láti ara ògiri ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, àwọn ampilifáyà kan wà tí a kì í fi sí, iná ògiri tààrà ni wọ́n ń jẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná lè dé ara irin ẹ̀rọ, kó sì gba ibẹ̀ dé ara máìkì. Nǹkan kékeré kan la fi máa ń dí i lọ́nà, ó dà bíi súwíìtì tí wọ́n wé ní bébà. Tí súwíìtì yẹn bá pé, kò séwu. Tó bá ti ń jò nínú, yéè! Púlọ́ọ̀gì ayé ìgbà yẹn sì rèé, ẹsẹ̀ méjì ló ní, kò níwájú, kò lẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí súwíìtì rẹ̀ ń jò, bó o bá ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri báyìí, ara ẹ̀rọ á tutù bí ara odi. Bó o bá yí i padà, iná ti dé ara rẹ̀.

Nítorí ìyẹn, kí ẹ̀rọ kankan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, ẹni tó kàn án gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó da omi sílẹ̀, kó fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun, kó dúró sínú omi náà, kó ṣe Bísímílà, kó wá fi ẹ̀yìn ìka kan ara ẹ̀rọ àti máìkì. Ẹ̀yìn ìka o, kì í ṣe inú ọwọ́, torí iná máa ń jẹ́ kí ọwọ́ dì mọ́ ohun tó bá mú. Tí nǹkan kan ò bá ṣe é, á yọ púlọ́ọ̀gì, á yí i padà, á tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì. Bí a bá ń gbé ẹ̀rọ jáde, Ọ̀gá á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo dán an wò?" Bí o ò bá dáhùn "Ẹ̀ẹ̀mejì" lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á padà sórí tábìlì.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, tí iná bá wá gbé àwa fúnra wa ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo kàn án," ó ní. "Tó bá máa gbé ẹnì kan, ìwọ ló tọ́ sí."

Ó sì gbé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ mi á fò padà, eyín mi á gbára wọn. A ó tú ẹ̀rọ náà, a ó wá ibi tó ti ń jò. Nínú ọkàn mi, mò ń sọ pé ọkùnrin yìí kàn ń fìyà jẹ wá ni.

Mo gba fìríìdọ̀mù. Àwọn àgbà ṣàdúrà, a jẹ, a mu, mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Bẹyẹrúnkà. Owó tó ń wọlé tó jẹun, mo fẹ́yàwó, ìyẹn náà tó.

Ọdún kejì tí mo dá dúró, mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní kí n kan ampilifáyà fún àwọn. Iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò máa gbọ́ tí wọ́n á ní "Sùbérù ló ṣe é" nìyẹn. Ládàánì wọn, ẹni tó ń pe ìrun, ni Bàbá Ràímì. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn, ẹ pàdánù. Bó bá ń pèrun, ẹni tó ń tajà á dúró, ẹni tó ń jà á sinmi. Àmọ́ ó ti ń dàgbà, ọ̀fun rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, ìdí ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí wọ́n ra máìkì fún un nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi bí ọmọ tó ń retí aṣọ ọdún.

"Sùbérù ọmọ mi, ṣó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lò ó, Jímọ́ọ̀ náà gan-an ni mo parí rẹ̀, oòrùn ti ń mú. Mo bọ́ bàtà. Mo da omi sílẹ̀, mo fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀, mo ṣe Bísímílà, mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Ara ẹ̀rọ tutù, máìkì tutù. Bí mo ṣe fẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì kí n yí i padà báyìí ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti mọ́ṣáláṣí rọ́ wọlé tariwo-tariwo. Wọ́n ní èrò ti ń jókòó, Lèmọ́mù ti wọṣọ, kí ni mò ń fi omi ṣe? Wọ́n ti ń gbé sípíkà. Mo wo púlọ́ọ̀gì ọwọ́ mi. Mo ní, ṣebí mo ti dán an wò. Mo wọ bàtà mi.

Ẹlòmíì ló ki púlọ́ọ̀gì náà bọ ògiri mọ́ṣáláṣí. Mo rí i tó ń kì í, mi ò sọ nǹkan kan. Fáàfù pọ́n. Bàbá Ràímì ti ibi àlùwàlá wọlé, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù fi ojú ipasẹ̀ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó dúró níwájú máìkì, kò fọwọ́ kàn án, ó pe ìpè àkọ́kọ́. Ohùn náà jáde, ó lọ bá Màpó, ó padà wá. Gbogbo ìta dákẹ́. Ẹ̀rín bọ́ sí mi lẹ́nu, omi bọ́ sí mi lójú. Bàbá wẹ̀yìn wò mí, inú òun náà dùn. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún kó fa máìkì náà súnmọ́ ẹnu rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Igbe tó ké, gbogbo Bẹyẹrúnkà ló gbọ́ ọ, torí pé ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èmi ni mo fò lọ fa wáyà yọ lára ògiri. Bàbá Ràímì ṣubú lulẹ̀ tòun ti máìkì. Kò kú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká wọnú, wọn ò sì nà mọ́ títí ó fi kú. Kò fọwọ́ kan máìkì mọ́ láyé rẹ̀. Ẹnu lásán ló fi ń pèrun títí ohùn náà fi tán nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò.

Oòrùn ò tíì wọ̀ lọ́jọ́ yẹn tí Ọ̀gá Búsàrí fi dé. Ó kọ́kọ́ lọ kí Bàbá Ràímì. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo jókòó sí bí ẹni òkú kú fún, ẹ̀rọ náà wà níwájú mi. Kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Sùbérù. Ẹ̀ẹ̀melòó lo dán an wò?"

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì, Ọ̀gá."

Ó tú ẹ̀rọ náà. Ó yọ súwíìtì oníbébà yẹn, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń jò bí ajere. Ó jókòó. "O dán an wò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀," ó ní, "ó sì ti bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán." Kò fi bi mí, ó kàn ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ni. Ọmọ tó lè di ojú gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gbọ́ ni mo jẹ́. Ó ní, "A jẹ́ pé ìdánwò mi ò wúlò. Gbogbo èyí tí mo ti kàn láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ èyí tó máa pa ẹnì kan."

Ó lọ síwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí wọ́n má ṣe bi mí, òun lòun kọ́ mi, ẹ̀kọ́ òun ló lábùkù. Oṣù méjì gbáko ló fi ń lọ láti ilé dé ilé, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, títí dé Òkè-Àdó, ó ń wá gbogbo ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ tó ti kàn fún èèyàn, ó ń gbà wọ́n padà, ó ń tú wọn. Ẹlòmíì bú u. Ẹlòmíì lé e. Nígbà tó ṣe tán, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó gbé àyọ́ọ̀nù sórí àjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán fìlà. Ọwọ́ tó ń wé wáyà bí irun ló wá ń gún abẹ́rẹ́ lára fìlà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ di tèmi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà di tèmi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ òtítọ́. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ojú ló ń tì mí. Nígbà tó yá, mo ti bímọ, orúkọ mi wà lára ṣọ́ọ̀bù, mo ní, kí ló tún fẹ́ dà? Iléyá Ọlọ́run kì í dé kí Bàbá Ràímì má fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó fi ọwọ́ tó ká yẹn bù ú sínú abọ́ mi. Ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, Sùbérù. Má fi dá ara ẹ lóró mọ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Èmi òpònú! Ìgbà tó kú, mo wà lára àwọn tó gbé e dé ibojì. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi lọ, mo sì gbé e padà wálé.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Tiransísítọ̀ dé, fáàfù di ohun ìṣeré ọmọdé. Mo kọ́ ọ, mo kàn án, kò kùn, kò gbóná, ó sì ń kú lójijì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́pè fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo nǹkan há sínú pátákó kan tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tó bá bàjẹ́, wọ́n ní kí n jù ú nù, kí n fi òmíràn sí i. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Lẹ́nu ìgbà díẹ̀ sí ìsinsìnyí, àwọn géńdé kan tún ń wá mi wá, wọ́n ní fáàfù ti di ọ̀wọ́n, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ló dùn jù láyé. Mo ní ẹ kú ìmọ̀.

Gbogbo ẹ̀rọ tí mo kàn lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, kódà èyí tí kò nílò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn mí. Wọ́n ní, "Sùbérù mọṣẹ́." Bí wọ́n bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní kí n sọ iṣẹ́ tó dáa, mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ kọ́. Ẹ ṣáà wá ọ̀gá tó máa yọ yín lẹ́nu, tó bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ.

Etí Ọ̀gá di. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá di pé tí Ìyá Mòdínà bá pariwo sí i létí, ẹnu ló máa wò. Mo ro ó, mo ní èmi ló yẹ kí n ṣe nǹkan sí i. Mo kó fáàfù mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ mi jáde. Mo wé tiransifọ́mà fún un, èyí tó pé, mo fi tẹ̀sùbáà kà á, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa kí mi. Mo wá agolo tòmátì. Mo so ẹ̀rọ etí mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń dé sórí. Mo bọ́ bàtà, mo da omi sílẹ̀, mo dán an wò, mo yí i padà, mo tún dán an wò.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo gbé e lọ sí Pópó Yemọja. Ọ̀gá jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà tó ń rán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ etí dé e lórí. Mo na máìkì sí Ìyá Mòdínà.

"Bàbá Mòdínà," ó ní, jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ọ̀gá pa ojú dé. "Ohùn ẹ ti di ti arúgbó," ó ní. "Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá Mòdínà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Ọ̀gá fọwọ́ pa ara ẹ̀rọ náà, ó dé ibi agolo, ó rẹ́rìn-ín bíi ti ọjọ́sí. "Kò kùn," ó ní. "Kò kùn rárá." Ó wá gbé ojú sókè sí mi, ó bi mí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń bi wá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo dán an wò?"

Òtítọ́ ni "ẹ̀ẹ̀mejì" lọ́jọ́ yẹn. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, kò jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo fi purọ́ fún un nìyẹn. Mo gba máìkì lọ́wọ́ Ìyá Mòdínà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni tòní, Ọ̀gá," mo ní. "Ti mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni. Mi ò yí i padà."

Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Èmi ni mo kan ẹ̀rọ náà. Ó yọ ẹ̀rọ etí lórí, ó gbé e sórí ẹní. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, inú wọn, ẹ̀yìn wọn. "Kò bàjẹ́ lójijì," ó ní, bí ẹni ń bá ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. "Ó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ìdánwò mi ì bá ti mú un." Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, mo fi ojú gbo ilẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Bọ́ bàtà ẹ."

Ó ní kí Ìyá Mòdínà gbé búùtà omi wá. Ó da omi náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi, mo dúró sínú omi, mo ṣe Bísímílà, mo fi ẹ̀yìn ìka kan ẹ̀rọ.

"Yí i padà."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlẹ̀kẹ̀. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo yí i padà, mo kì í bọ ògiri, mo dúró kí fáàfù pọ́n, mo fi ẹ̀yìn ìka kan ẹ̀rọ, mo kan máìkì. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó na tẹ̀sùbáà náà sí mi lójú, ó fi àtàǹpàkò di ibi tó bá a dé mú.

"Mọ́kànlá," ó ní. "Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá péré ni yíyí i padà gbà, Sùbérù."

Mo ní kó forí jì mí. Mo sọ ọ́ títí, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ̀rọ etí wà lórí ẹní níbi tó gbé e sí, kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ.